Ìwé Tí A Kò Yàn fún Kíláàsì Kẹta

Ìgbà òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òní. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbaṣẹ́ ni mò ń kọ ọ́ fún, kí ẹ má baà ṣe irú àṣìṣe tí èmi àgbà ẹgbẹ́ olùkọ́ ṣe.

Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní Mowe. Wọ́n kó àwa olùkọ́ láti Mowe, Ibafo àti Ifo jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ifo, kí wọ́n lè dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Ẹ̀kọ́ náà dára, mi ò ní í purọ́. Wọ́n ní kí a yé jẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa kígbe kàwé pọ̀. Kí ọmọ dá kà, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ìka márààrún bá ká lójú ìwé kan, ìwé náà ti le jù fún un nìyẹn.

Wọ́n fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé mẹ́rin, ẹ̀dà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ká lọ dán wọn wò. Èyí tí a bá yàn ni wọn yóò kó wá fún gbogbo ọmọ. Káosárá, ọmọ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, kì í lè dá ka ìlà kan tẹ́lẹ̀. Ó mú ìwé kan nípa àwọn tó ń yan gàrí, ó ka ojú ìwé kan tán, ìka méjì péré ló ká. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n tún kà?" Mo sunkún níwájú àwọn ọmọ.

Ìwé náà ni a pa dà lọ yàn ní Ifo. A nawọ́ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa.

Nígbà tí páálí ìwé dé, ìwé mìíràn ló wà nínú rẹ̀, èyí tó le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti kún sítọ́ọ̀ wọn kí wọ́n tó pè wá rárá. Káosárá kò tíì ka ìlà kejì tán tí ìka rẹ̀ fi tán. Ó pa ìwé náà dé, ó dá a pa dà fún mi.

Mo ké sí Múínátù, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ni ní Ibafo. A kó àwọn olùkọ́ jọ, ó di Ifo. "Ìwé tí a yàn dà?" là ń pariwo lẹ́nu géètì àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ni wọ́n. Mi ò ní í fi orúkọ wọn ba ẹnu mi jẹ́.

Ọ̀gá wọn jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na bébà kan sí mi.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin tíṣà. Màmá, ta ló ni sáìn yìí?"

Èmi ni mo ni ín. Èmi ni àkọ́kọ́ lórí bébà náà, Múínátù ni ẹ̀kẹta. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé a fara mọ́ ìwé yòówù tí ilé iṣẹ́ náà bá kó wá.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ, bébà àtẹ́ńdáǹsì á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Oníkálukú á wá ààyè tó ṣófo, á sáìn, á na bírò sí ẹni kejì. Ta ló ń wo òkè bébà? Wọ́n ní àtẹ́ńdáǹsì ni lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

"Jìbìtì lẹ lù wá!" ni mo wí.

"Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, Mà. Ẹ ò ka tiyín."

Múínátù yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sáìn. Mo rò pé ẹ ti kà á ni."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn dùn mí, ti Múínátù ló pa mí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwa fi tiwa ṣọ́ ike ìrẹsì.

A kò kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a rí gbà kò ju pé kí á máa lo ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a fi dán ìwé tí a yàn wò. Ẹ̀dà kan fún odidi kíláàsì! Ìwé inú páálí kò ṣeé dá kà, ni a bá tún pa dà sí igbe àpapọ̀, èmi náà pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà náà, kò sí bébà tó dé iwájú ẹgbẹ́ wa tí a kì í kà sókè ketekete kí ẹnikẹ́ni tó sáìn. Èrè wa nìyẹn. Ó dára, àmọ́ aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Káosárá ti wà ní kíláàsì kẹfà báyìí. Ó ti há ìwé líle yẹn sórí látòkèdélẹ̀, ó ń kà á láìwò ó. Bí mo bá ṣí ìwé mìíràn síwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á pa dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó fi táyà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere. Èmi ò mọ̀wé o, àmọ́ bí ọmọ yìí bá ń kàwé nílé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́."

"Àmín," ni mo wí. Mi ò tíì pa dà lọ sọ òtítọ́ fún un.