Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Fọlákẹ́ Dìde Nídìí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lónìí. Bóyá ara á fúyẹ́ fún mi díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Ifangni níbí, nílẹ̀ Benin. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rù ìṣirò gan-an. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kan, mo sì gbé e lọ sí kíláàsì. Géèmù kan wà nínú rẹ̀: ìlú ayé àtijọ́ ni, ogun ń bọ̀, àwọn ọmọ ló máa ṣírò iye bíríkì tí wọ́n á fi mọ odi. Tí ìṣirò bá ṣìnà, odi á wó.

Bon, ta ló tún ń bẹ̀rù ìṣirò? Wọn kì í fẹ́ lọ sílé mọ́!

Fọlákẹ́ ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé lọ́nà Lagbé. Faransé tí a fi ń kọ́ni kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù béèrè ìlà mọ́kàndínlógún, bíríkì márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ti ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní ogún lọ́nà márùn-ún, ọgọ́rùn-ún ni, òun wá yọ márùn-ún kúrò.

Lọ́jọ́ kan, directeur, ọ̀gá ilé ìwé wa, mú àlejò wá wo géèmù náà. Fọlákẹ́ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà mí pé Yorùbá ló máa fi dáhùn níwájú wọn.

Mo ní, "Dìde. Ẹni tó gbọ́ Faransé ni kó jókòó."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn. Ọmọ tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ṣi ìṣirò, odi wó. Àwọn àlejò ṣáà pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ kejì, a kò rí Fọlákẹ́ mọ́. Mo rò pé ibà ni. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo gun ọ̀kadà zém lọ sílé wọn. Ìyá àgbà ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ní àǹtí ọmọ náà ti mú un gba ẹnubodè Igolo kọjá sí Nàìjíríà, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ó pẹ́ tí àǹtí náà ti ń bẹ̀ ẹ́, ọmọ ló ń kọ̀. Àfi ọjọ́ kan tó ti ilé ìwé dé, tó ní òun á lọ.

Ìyá ní, "Ó ní ẹ ti rí i pé òun ò mọ nǹkan. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá o, Màmá. Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn."

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Mo gba nọ́ńbà fóònù àǹtí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń pè é, kò lọ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ, ọmọ lè mọ nǹkan kí ẹnu rẹ̀ má lè sọ ọ́ ní Faransé. Ẹ yìn ín nígbà tó wà níwájú yín. Ṣé wọ́n ti lé ẹ̀yin náà dìde bẹ́ẹ̀ rí? Àbí ẹ̀yin lẹ lé ọmọ ẹlòmíì dìde, bíi tèmi? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Màá kà á.