Ọ̀gá Tó Ń Kágò fún Fódà

Bí mo bá gbọ́ "Àgò o!" lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀gá tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ní Mowe ni mo máa ń rántí. Kì í pa fódà òfìfo rẹ́ láìkágò. Á tẹ rmdir, àṣẹ tó ń pa fódà òfìfo rẹ́, àti orúkọ fódà náà sójú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí nínú kọ̀ǹpútà, á ní "Àgò o!" kó tó tẹ ẹ́ńtà.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bí nǹkan bá wà nínú ẹ̀, kò ní gbà. Má fipá mú un."

Opó kan gbé kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ wá láti Ibafo, ó ní ká bá òun kó àwọn fódà tó ṣófo dànù. Mo ṣí ọ̀kan, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá kágò, kọ̀ǹpútà kọ̀. Nígbà tó wò ó dáadáa, fọ́tò ọkọ náà ló fara pamọ́ síbẹ̀.

Opó náà tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Àgò yà," ló bá bá ọkọ rẹ̀ dáhùn.