Ọwọ́ Tó Tú Hita Ràṣídátù

Ẹsẹ̀ Olújìmí ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú rẹ̀. Ìparí ọdún 2015 ni, nílé aládùúgbò mi kan ní Forest Lawn, ní Calgary, orílẹ̀-èdè Kánádà. Mo lọ dá abọ́ padà, mo sì rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ibọ̀sẹ̀ wọn kò bára mu. Ohùn kan ti ibẹ̀ wá pé, "Ẹ káalẹ́ o, mà. Ẹ má bínú pé mi ò dìde wá dọ̀bálẹ̀, mo ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, mo rí ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ náà.

Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni, ó sì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ticket. Ó ti bá ilé iṣẹ́ epo kan ṣiṣẹ́ lápá àríwá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, wọ́n pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí yàrá kan láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ wọn. Sẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní daycare. Ilé wọn wà ní Martindale, àwọn méjèèjì àti Tamílọ́rẹ ọmọ wọn.

Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ wá ń jókòó ti fèrèsé, wọ́n ń wo snow. Olújìmí ní tirẹ̀ kò jókòó. Ó ń tún nǹkan ṣe fún àwọn èèyàn: áyọ́ọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìlọta. Kì í gbowó. Bí wọ́n bá bu ìrẹsì fún un, á gbà á. Sẹ̀gilọlá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé nǹkan wá, ọkọ òun kì í jẹun dáadáa.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun kan níbí. Níbi tí a ti wá, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹni tó bá gbé ọjà padà, ìjà ló wá. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́, ọkàn wa kì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ẹni tí yóò tún un ṣe là ń wá. Àṣà yìí bá wa wọ bàálù dé Calgary.

Ràṣídátù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ìsẹ́yìn wá, ó ń gbé inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ní Abbeydale. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ó ra hita kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní International Avenue. Kò pẹ́ rárá tí hita náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tó sì ń kú fúnra rẹ̀. Risíìtì àti páálí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Olújìmí ní Martindale ló gbé e lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, hita yìí ti di àbíkú. Ó ń kú, ó ń jí."

"Ṣé o ń fún un lóúnjẹ?"

"Iná yín yìí náà ló ń jẹ o! Abeg, Ẹ̀gbọ́n, òtútù fẹ́ pa mí."

Olújìmí tú ẹ̀yìn hita náà, ó rí wáyà kan tó dẹ̀ nídìí bọ́tìnnì, ó so ó le. Ó tàn án wò títí, kò kú. Inú rẹ̀ dùn. Ràṣídátù gbé e lọ sílé pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, bí Ràṣídátù ti ń múra ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, èéfín sọ lára ògiri. Plug hita náà ń yọ́. Ẹ̀rù bà á, ó fi ọwọ́ fà á yọ, rọ́bà gbígbóná náà sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ni. Ọwọ́ kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tó fi ń san owó ilé.

Èmi tó máa ń pè ní Mummy ni mo tẹ̀ lé e lọ dá hita náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà yí hita náà padà, ó rí ibi tí irin ti ha orí àwọn screw tó de ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti tú u, nítorí náà kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Ó bi í léèrè ẹni tó tú u. Ràṣídátù wolẹ̀, ó ní òun kò mọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì lé itan. "Mummy, mi ò lè dárúkọ Ẹ̀gbọ́n. Oore ni wọ́n ṣe mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n síṣẹ́?"

Òótọ́ ni. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú fẹ́ gba Olújìmí. Ó kù kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé.

Mo lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, nítorí ó yẹ kó mọ̀. Gbémiga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wà níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán, Olújìmí na ọwọ́ sí kóòtù rẹ̀.

"Jímí, jókòó," ni Gbémiga wí. "Ta ló dárúkọ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé hita ló máa wá sọ ọ́ ni? Tó o bá lọ jẹ́wọ́, gbogbo ẹ̀bi á di tìẹ. Wọ́n á kọ̀wé sí àwọn tó fún ẹ ní ticket. Ta ló máa wá gbà ẹ́ síṣẹ́? Oníwàásù!"

"Plug yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló dì í pa. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ló sì ti jó. Gbémiga, ta ló lè sọ ibi tí mo tú àti ibi tí mi ò tú, bí kì í bá ṣe èmi?"

Sẹ̀gilọlá ń ká aṣọ ọmọ. Ó ká ẹyọ kan, ó tú u, ó tún un ká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ wọ bàtà snow o, Bàbá Tamílọ́rẹ. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta la lọ, èmi, Olújìmí àti Ràṣídátù. Olújìmí ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó fara balẹ̀ ni. Olújìmí fi ìka tọ́ ibi tí òun tú hàn án, ó sì fi plug tó yọ́ hàn án, pé kò sí ọ̀nà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni fi lè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo jẹ̀bi ohun kan. Nígbà tí ọmọ yìí gbé e wá, ó yẹ kí n ní kó gbé e padà fún yín. Òun ló ni ẹ̀tọ́ náà. Èmi ni mo fi àtúnṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Èmi náà sọ ohun tí mo ti lọ bèèrè: pé lábẹ́ òfin Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Obìnrin náà gbọ́ wa tán, ó sì ní kí Olújìmí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà ticket rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù náà ní kí wọ́n gé plug náà wò, inú rẹ̀ gan-an ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá owó Ràṣídátù padà, wọ́n sì san owó iṣẹ́ tí kò lè lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ticket. Nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí bi Olújìmí bóyá ẹjọ́ kankan wà nílẹ̀ lórí ticket rẹ̀, ó ní ó wà. Wọ́n ní àwọn yóò dúró dè é. Wọn kò dúró. Kí àwọn tó ń bójú tó ticket tó wí pé kò jẹ̀bi, snow ti yọ́ tán, ẹlòmíràn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn ìyẹn, Gbémiga gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná wọlé, ó ní ó ti dákẹ́. Olújìmí kò tilẹ̀ wò ó.

"Risíìtì rẹ̀ dà?"

"Jímí, ṣé báńkì ni mo wá ni?"

"Kò tíì pé ọdún kan tó o rà á. Gbé e padà fún wọn."

Gbémiga kùn jáde, ṣùgbọ́n ó gbé e padà.

Àtẹ́lẹwọ́ Ràṣídátù san, àpá ló kù. Olújìmí ṣì ń gbé ní Martindale. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń wà báyìí.