Mo kúnlẹ̀ kí tíṣà àwọn ọmọ Júù lónìí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jẹun!

Láti ìgbà tí mo ti wá bá ọkọ mi ní Chicago ni mo ti ń kọ́ra mi láti máa kí àgbà lóòró, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lónìí, níléèwé àwọn Júù tí mo ti ń ṣe cleaning, mo pàdé tíṣà wọn kan, ìyá àgbàlagbà. Kí n tó rántí, mo ti kúnlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fẹ́ sá.

Màmá ní, "Dúró, ọmọ mi." Ó wá kọjú sí wọn: "Nígbà tí mo wà bíi tiyín, ìyá ìyá mi máa ń gbọ́wọ́ lé mi lórí, á máa súre fún mi. Mo ní kó má ṣe é mọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kò sì ṣe é mọ́. Ìgbà tó kú ni mo tó ń wá ọwọ́ yẹn kiri. Ìdí tí mo fi ń kọ́ yín ní àṣà wa nìyẹn."



Ni èyí tó rẹ́rìn-ín jù nínú wọn bá tẹríba níwájú ẹ̀: "Ẹ súre fún èmi náà, Mà."

Omi bọ́ lójú mi o! Lọ́la, màá tún kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ṣé ẹ ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àbí ẹ ti jáwọ́?