Ẹni Tó Ń Wọ Ilé Láṣọ

Ìtàn tí àwọn èèyàn fi mọ Bàbá Olówùú jù ni ti ọjọ́ tó lọ jókòó sínú ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to òwú tó nípọn sáàárín férémù ilé àti pákó tí wọ́n ń kàn bò ó lóde, kí òtútù má baà wọlé, kí ooru má sì gba ibẹ̀ sá jáde. Ìyáàfin kan, ọ̀gá ilé ìwé, tí wọ́n ń kọ́ ilé fún, wá ní òwú náà ti pọ̀ jù, kó fi ògiri ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ni yóò rí i?" ni ìyáàfin náà wí. "Ṣebí pákó ni yóò bò ó."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá," ni Bàbá Olówùú dá a lóhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba àárín òpó méjì wọ inú férémù náà, ó sì jókòó. "Ọ̀gá Onípákó, ẹ kàn mí mọ́bẹ̀. Bí òwú ò bá ní gbé ibẹ̀, èmi á máa gbé ibẹ̀. Ara mi kúkú móoru."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó sì tòògbé díẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí, ìyáàfin náà ní kí wọ́n lọ gbé òwú tó kù wá. Bàbá Olówùú jáde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ibẹ̀ ò kúkú rọ̀ mí lọ́rùn."

Kò sẹ́ni tí kì í rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, àfi Ọ̀gá Onípákó, ẹni tó dúró ti ògiri náà láti àárọ̀ pẹ̀lú hámà lọ́wọ́ àti ìṣó mẹ́fà lẹ́nu. Òun ló kan pákó ilé náà. Ó kàn án débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè ti èékánná bọ̀ láàárín pákó méjì. Síbẹ̀, bí àlejò bá dé ilé ìyáàfin yẹn, pákó ni wọ́n á fẹ̀yìn tì, òwú ni wọ́n á máa yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Onípákó. Ká má fepo bọyọ̀, ó jowú. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ ṣiṣẹ́ lára ògiri kan náà, òun lóde, Olówùú nínú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni gbogbo ojú ń rí, iṣẹ́ Olówùú ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ó máa ń bi ara rẹ̀ pé irú ayé wo nìyẹn, tí ẹni tó gbé iṣẹ́ pamọ́ ń gba oríyìn mọ́ ẹni tó gbé e síta lọ́wọ́.

Ohun tó sì wá burú níbẹ̀ ni pé Olówùú mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ilé bá ti parí, á tan àbẹ́là, á máa gbé e láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí iná àbẹ́là náà bá fì, á dúró, á kí ògiri pé, "Ẹ ǹlẹ́ o. Ta ló ń mí níbẹ̀ yẹn?" Ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n jọ kọ́, iná náà fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn nọ́ọ̀sì kóra jọ. Onípákó ti mọ̀ pé pákó òun ni ọkùnrin náà máa dá lẹ́bi, ó sì ti ká apá aṣọ sókè. Olówùú fọwọ́ pa ògiri náà, ó ní, "Pákó ò ṣẹ̀ o. Èmi ni òwú mi ò dé ibí yìí. Ẹ bá mi tú u." Àwọn nọ́ọ̀sì yìn ín pé ọmọlúàbí èèyàn ni. Onípákó tó ti múra ìjà wá di ẹni tó ń fi hámà yọ ìṣó tó dára lára pákó tó dára, kò sì rẹ́ni bá jà.

Olówùú ní òfin kan tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ. "Ẹ má tẹ òwú. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ gan-an ni aṣọ ilé, òwú kàn dì í mú ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti lé aṣọ jáde." Lójú Onípákó, ahun lásán ló ń ṣe. Ẹni tó wọ súẹ́tà méjì kò ha móoru ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ?

Nígbà tó ń kọ́ ilé tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí Bàbá Olówùú wá bá wa ṣe é. Wọ́n ní ilé tó bá fọwọ́ kàn, oorun ibẹ̀ máa ń dùn."

"Olówùú ò ní fọwọ́ kan ilé mi," ni Onípákó wí. "Kí ló wà nínú kéèyàn ki òwú bọ ihò?"

Ó ra òwú ìlọ́po méjì. Ó kì í, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó tún fi igi gún un wọlé bí ẹni tó ń di ẹrù tó ju àpótí lọ. Ó wá kan pákó lé e, pákó náà sì gún régé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí òtútù inú ilé fi ju ti ìta lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń wọ súẹ́tà dáná. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀: nígbà tí òjò dé, tí òwú mumi, ògiri tó kọjú sí títì yọ ikùn síta, àwọn ìṣó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Olówùú ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró. Ó wo ògiri náà látòkè délẹ̀. Onípákó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò síbi tó lè sá sí.

"Ẹ kú ilé o, Ọ̀gá," ni Olówùú wí. "Ilé yín mà yó o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni Onípákó tú ògiri, ó da òwú tó ti rin nù, ó to tuntun sí i láìtẹ̀ ẹ́, ó sì kan pákó padà. Ilé náà móoru. Ọkàn tirẹ̀ ni kò balẹ̀ mọ́. Orúkọ ló fi ń jẹun. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ògiri ilé òun fúnra rẹ̀ lóyún, ta ni yóò tún pè é síṣẹ́? Ẹnu Olówùú sì ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹnu tó lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sán kan pa èèyàn lẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí Olówùú bá ti ní, "Ẹ gbọ́ èyí," níbi iṣẹ́, Onípákó á dá hámà dúró, á tẹ́tí. Ọdún mọ́kànlá kọjá, kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn tún bí i nínú, pé ọkùnrin náà tún mọ ẹnu pa mọ́ ju òun lọ.

Àìsàn tó pa Olówùú kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kóra jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Onípákó àti ìyàwó rẹ̀ náà lọ. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ bá wọn kẹ́dùn ni. Ká sòótọ́, ìtàn ògiri ara rẹ̀ ló lọ ṣọ́, bóyá ẹnì kan máa sọ ọ́.

Wọ́n sọ ti ìyáàfin, wọ́n sọ ti àbẹ́là. Bíríkìlà kan tó ti bá Olówùú ṣiṣẹ́ pẹ́ wá nujú, ó ní, "Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ògiri tó yó."

Onípákó sún síwájú lórí ìjókòó rẹ̀.

"Nígbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni bíríkìlà ń bá a lọ, "ó fi agídí ra òwú ìlọ́po méjì, ó fẹsẹ̀ tì í sínú ògiri ilé ara rẹ̀. Ògiri yọkùn. Ìyàwó rẹ̀ ń wọ súẹ́tà dáná. Ọ̀gá kan wá ń kọjá lọ, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní, 'Ilé yín mà yó o.' Bàbá ní ọjọ́ náà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́."

Ẹ̀rín gba pálọ̀ kan. Wọ́n rín in ju bí wọ́n ṣe rín ti ọjọ́ tó jókòó sínú ògiri. Ó wá yé Onípákó. Olówùú ti sọ ìtàn náà, ó ti sọ ọ́ káàkiri, ó sì ti fi ara rẹ̀ sípò òmùgọ̀ inú rẹ̀. Òun Onípákó ló fi sípò ọlọ́gbọ́n.

"Ẹ ò gbọ́ ọ rí, Ọ̀gá?" ni bíríkìlà bi í. "Àbí ìgbà tẹ́ ò bá sí nítòsí ló máa ń sọ ọ́?"

Kí Onípákó kàn mi orí ló kù, kó máa lọ sílé ní àlàáfíà. Àṣírí rẹ̀ ti bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì ń lọ, òun ló dùn jù lọ́jọ́ náà, Olówùú tó ti kú ló sì tún ń gbà á. Kò lè fara dà á.

"Èmi ni mo ni ìtàn yẹn," ló wí. "Ilé mi ni. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ti òwú. Òun ló ń kọjá lọ."

Bíríkìlà fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ ò lè wọ àárín pákó yín? Ẹ jẹ́ kí òkú ní nǹkan tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ máa ń jowú Bàbá."

Onípákó, tó ti rò látọjọ́ yìí pé kò sẹ́ni tó mọ̀, yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Èmi ni mo wọ súẹ́tà dáná," ló wí. "Méjì ni mo tiẹ̀ máa ń wọ̀ nígbà míì."

Opó Olówùú, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi," ló wí. "Mo bá a jà nítorí súẹ́tà yẹn. Mo ní mi ò wọ súẹ́tà dáná rí, ìyàwó wo lẹ ń sọ kiri yìí? Ó ní ẹni tó ni ín ní orúkọ rere, òun ò gbọdọ̀ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti dùn jù fún òun láti gbé mì." Ó yíjú sí Onípákó. "Òun náà jowú yín, Ọ̀gá. Bá a bá jọ jáde, á dúró níwájú ilé tẹ́ ẹ kàn, á ní, 'Wò ó, tọmọdé tàgbà ló ń rí iṣẹ́ tirẹ̀. Tèmi, àfi tí ilé bá wó.'"

Wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Onípákó ò tiẹ̀ bá Olówùú jà rí, kò sì bá a ṣeré rí, ìyẹn ló wá ń dùn ún. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi dúró ti ògiri kan náà, olúkúlùkù ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì pé ibẹ̀ ló dára.

Wọ́n ní kó wá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ti òwú, ó sọ ti igi tó fi gún un, ó sọ ọ̀rọ̀ tí Olówùú wí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé èèyàn dáadáa ni wọ́n.

"Kò dùn tó bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́," ni bíríkìlà wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀," ni Onípákó wí, ó sì nu ojú rẹ̀. "Tún un sọ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀."