Àmín Tí Wọ́n Ṣe Sí Ikú Ọmọ Mi

Èmi ni mo kọ eré náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Fìdítì ló ní kí n kọ eré tí wọ́n máa ṣe níbi ìkórè, mo sì gbé e lọ sí kóòtù: ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ọlọ́kadà nítorí máṣíìnì rẹ̀, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ so ó kọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí mo ti rí i. Ọ̀kadà ni àbúrò mi ń gùn láàárín Fìdítì àti Ìlorà kí wọ́n tó pa á. Ọwọ́ tẹ ẹni tó pa á, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, àwọn lọ́yà ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Èmi ò lè dúró dè wọ́n, mo dá ẹjọ́ náà fúnra mi nínú ìwé.

Ọmọ mi ọkùnrin kà á tán, ó wò mí. "Mọ́mì, ṣé ìyẹn á jí Ọ́ńkù mi dìde?"

"Kò ní í jí wọn. Ṣùgbọ́n èmi á rí oorun sùn."

Ẹni tó yẹ kó ṣe apànìyàn nínú eré ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó lọ. Ọmọ mi ní òun á ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣe adájọ́. Bí a bá ń dán eré wò, tó bá kan ìdájọ́, wọ́n á ká ìwé wọn. "Ìyókù di ọjọ́ eré. A kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí dánra wò." Èmi tí mo máa ń fi irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mo dúpẹ́ nínú mi.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán kún. Bàbá tíṣà dìde, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "A ó fi okùn so ọ́ kọ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ. Kí Olúwa ṣàánú fún ọkàn rẹ."

"Àmín," ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Wọn ò rò ó rárá. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá ti gbọ́ "kí Olúwa", àmín ti bọ́ lẹ́nu wa. Ọmọ mi tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. N ò mọ ìgbà tí mo dìde tí mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọ́n rò pé ó wà nínú eré, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ń jẹun. Mo lọ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é.

"Mọ́mì, eré ni o."

"Mo mọ̀."

Ìdájọ́ gidi kò ní í pẹ́ mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ẹni tó pa àbúrò mi, n ò ní í purọ́, mo ṣì ń fẹ́ kó jìyà. Ṣùgbọ́n àyè ò tó ní kóòtù Ìbàdàn yẹn, bẹ́ńṣì kan náà ni èmi àti ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé, n ò sì kí i rí. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni pé bí adájọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ okùn yẹn, ọwọ́ mi ni obìnrin náà máa dì mú.