Ìràwọ̀ Tí Kò Ṣẹ́jú

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé tí mò ń gbé ní Ìkòsí ń wò mí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo gba yàrá kan nínú ilé Alhaja tó ń ta tòmátì ní Mile 12. N kì í jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìdí kọ̀mpútà ògbólógbòó kan ni mo máa ń wà, mo sì máa ń ta aṣọ bo fèrèsé kí oòrùn má bàa pa ojú rẹ̀ dà. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ́kùnrin tó bá ní kọ̀mpútà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, gbájúẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ á pa lẹ́nu wọn. Télọ̀ tí yàrá rẹ̀ fara ti tèmi máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró kó lè gbọ́ ohun tí mò ń ṣe. Èmi náà ń fura sí i. Mo gbà pé òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ìyá onílé.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní yunifásítì ló kó àwọn sídì kan fún mi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ńlá kan tó rí bí àwo ń gba ìró rédíò tó ń ti ojú ọ̀run wá. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan, níbi tí àìmọye ìràwọ̀ ti fún mọ́ ara wọn. Àwọn kan wà láàárín wọn tó ti kú, síbẹ̀ tí wọ́n ń pòòyì lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìró wọn sì ń kàn lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí. Èmi ni kí n ṣa ìró tó bá ń kàn déédéé jáde nínú ariwo. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Ohun tó bá ń kàn déédéé, kọ́kọ́ kà á sí olè. Fóònù lè ṣe é, iná lè ṣe é. Ìfura loògùn àgbà o." Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá onílé kanlẹ̀kùn mi. Kò jókòó.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń ṣe gan-an? Mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé mi nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́ o."

"Ìràwọ̀ ni mò ń wá, mà."

"Lọ́sàn-án gangan?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Alhaja ní kí oṣù yẹn tó parí, kí n fi ìràwọ̀ náà han òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kó ẹrù mi. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní ibòmíràn ní Èkó, àfi kí n padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Ọ̀yọ́, tó ti ń bi mí tipẹ́ pé ta ló ń jẹun nídìí ìràwọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni mo rí i! Ìró kan ń kàn nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Á falẹ̀ díẹ̀, á tún yára díẹ̀. Mo ní ìràwọ̀ mìíràn ló ń fà á, tí àwọn méjèèjì jọ ń yí ara wọn po. Mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá iná ni, torí iná mànàmáná náà máa ń kàn nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ìró náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ sídì dé òpin, odindi ọjọ́ kan, kò ṣẹ́jú rárá. Èmi ará Ìkòsí, níbo ni mo ti rí iná tó ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo ní kò lè jẹ́ iná láéláé. Mo sáré pe Alhaja, mo yí ohùn kọ̀mpútà sókè, ó ń kùn hùùù. Gbogbo ilé pé sẹ́nu ọ̀nà.

"Brother," télọ̀ ní, "fíríìjì nìyí now."

Mo bú u. Alhaja ní òun ti gbọ́, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Sídì kan wà tí n kò tíì ṣí, èyí tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n yí ojú ẹ̀rọ kúrò lára ìṣùpọ̀ náà, síbi tó ṣófo. Ohun tí ìràwọ̀ wa bá ń sọ, kò yẹ ká gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn ń sá fún un ni. Mo ṣí i. Hùùù. Iná wọn lọ́hùn-ún ni, tí kì í lọ, tó kàn máa ń falẹ̀ díẹ̀, tó tún máa ń yára díẹ̀. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mo ti fura sí télọ̀, mo ti fura sí gbogbo ilé, èyí tó dùn mọ́ mi nìkan ni n kò fura sí. Ojú tì mí débi pé mo sunkún.

Mo lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀ nínú ilé yẹn? Ṣùgbọ́n n kò lè máa bá wọn gbé lórí irọ́ náà. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo lọ bá Alhaja níbi tó ti ń múra ọjà.

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí mo ní kí ẹ gbọ́ yẹn, kì í ṣe ìràwọ̀. Iná ni. Mo ṣì í mú ni."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló tú àṣírí ẹ?"

"Kò sẹ́nì kan, mà. Èmi ni mo tún un yẹ̀ wò."

"Wọlé lọ jàre," ló wí. "Látìgbà tí mo ti ń ta tòmátì, mi ò tíì rí ẹni tó fi èyí tó ti jẹrà sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tó tún fọwọ́ ara ẹ̀ dà á sílẹ̀ níwájú oníbàárà. Ìwọ ò lè ṣe gbájúẹ̀. Wàá kàn jìyà ni."

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí báyìí. Bí wọ́n bá sáré tọ̀ mí wá pẹ̀lú ayọ̀, mo máa ń bi wọ́n pé ibi tó ṣófo ńkọ́, wọ́n á sì máa wò mí bíi pé mò ń ṣe ìlara wọn. Mo ti bá wọn rí ìràwọ̀ tòótọ́ díẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, kò sí èyí tó gbà mí sílé nínú wọn, àfi ọ̀kan tí kì í ṣe ìràwọ̀.